Ẹni Tí Kò Kú Náà Yẹ ní Kíkà

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ìbáà jẹ́ ní Mowo, ní Aradagun tàbí ní Ibereko, ìbéèrè kan ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó bá sáré dé ibẹ̀: "Ṣé kò sí ẹni tí ó kú?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, gbogbo ènìyàn a mí kanlẹ̀, wọn a ní, "Alhamdulillah." Wọn a gbé alùpùpù tí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ títì, oníkálukú a sì bá tirẹ̀ lọ. Ọpẹ́ náà tọ́, nítorí ẹ̀mí kò láàrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí fún ẹni tí wọ́n gbé lọ.

Kí ni ó kù fún ọlọ́kadà tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́? Yóò wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn yóò ta alùpùpù tí ó fi ń wá oúnjẹ, kí wọ́n lè san owó ìtọ́jú. Owó tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ra ẹja tí ó ń yan yóò bá a lọ. Bí owó ilé ìwé àwọn ọmọ bá dé, kò ní sí ohun tí wọn yóò san. Síbẹ̀, nítorí pé ọkùnrin yìí kò kú, kò sí ìwé ìjọba kan tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà wọ̀. Nígbà tí ó bá tún di ọdún mìíràn, ẹlòmíràn yóò ṣubú ní ibi kan náà gan-an, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ iye àwọn tí ó ti ṣubú níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn etíkun Àgbádárìgì máa ṣe àkọsílẹ̀ pípé nípa gbogbo ẹni tí ó bá fara pa tí ó sì gba ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì wọlé, kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ han àwọn aláṣẹ àti àwọn aráàlú. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba kí àwọn ènìyàn béèrè fún un.

ÀWỌN TÍ A KÀ ÀTI ÀWỌN TÍ A KÒ KÀ

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Road Safety, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, a máa ka ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dọọdún. Àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún 2023 sọ pé ènìyàn 5,081 ni ó kú ní ojú ọ̀nà Nàìjíríà, tí 31,874 sì fara pa. Bí a bá fi èkínní pín èkejì, nǹkan bí ẹni mẹ́fà ni ó fara pa fún ẹni kan tí ó kú.

Ìṣirò mìíràn wà tí ó yàtọ̀ sí èyí gidigidi. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ìlera kan gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ìfarapa ojú ọ̀nà ní Nàìjíríà. Àwọn wọ̀nyí kò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọn kò sì gbé e ka ìwé ọlọ́pàá. Wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn ní ibi tí wọ́n ń gbé ní ìpínlẹ̀ méje, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn 3,082. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, 41 ni ó ń fara pa ní ojú ọ̀nà láàárín ọdún kan, nígbà tí àwọn tí ó ń kú kò tó méjì: 1.6 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ sí. Èyí já sí pé fún ẹni kan tí ó kú, nǹkan bí ẹni 25 ni ó fara pa. Ju ìdajì ìfarapa wọ̀nyí lọ ni ó jẹ́ ti alùpùpù.

Òótọ́ ni pé ọdún ìṣirò méjèèjì kò pa pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n kò sì bára mu. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín mẹ́fà àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣe kékeré, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó rí. Ohun tí ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ bá tó tàbí tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n lè kọ. Ọ̀kadà tí ó yọ̀ nínú yanrìn ní àdúgbò kan ní Ajara, tí ó sì fọ́ ẹni tí ó gùn ún ní orúnkún, ta ni yóò lọ sọ fún Road Safety?

Ojú ọ̀nà nìkan sì kọ́ ni ènìyàn ti ń fara pa ní etíkun yìí. Ẹni tí ń gun igi àgbọn lè já bọ́. Obìnrin tí ń yan ẹja lè jóná lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì lè kọlu ìkòkò omi gbígbóná. Ìwọ̀ lè há sí apẹja lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sì lè gé e lẹ́sẹ̀. Kò sí èyí tí ó kan Road Safety nínú gbogbo wọn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti lè pàdé, ẹnu ọ̀nà náà sì ni ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Àwọn àgbà ní ibi tí a ti ń wo olókùnrùn ni a ti ń wo ara ẹni. Ìlú tí ó bá fẹ́ wo ara rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn ilé ìwòsàn ti ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ ni ó yẹ ní wíwò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù dé, wọn a kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a kọ lẹ́tà mẹ́ta: R.T.A., èyí tí ó túmọ̀ sí ìjàǹbá ojú ọ̀nà. Fún dókítà tí ó fẹ́ di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta náà tó. Fún ẹni tí ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn má ṣẹ́ lọ́la, kò tó rárá.

Ìbéèrè tí ó kù kò pọ̀. Níbo gan-an ni ó ti ṣẹlẹ̀? Aago mélòó ni? Ṣé ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ni, tàbí èrò, tàbí ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn? Kí ni ó kọlù ú? Ṣé ó dé akoto? Ibo ni ó ti fara pa nínú ara rẹ̀? Báwo ni ó ṣe parí sí: ṣé ó padà sílé ni, tàbí wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn, tàbí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ìgbóbì? Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí irú àkọsílẹ̀ yìí, wọ́n sì ro ti àwọn ilé ìwòsàn tí kò lówó lọ́wọ́ mọ́ ọn. Akọ̀wé tàbí nọ́ọ̀sì tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ béèrè lè fi bírò àti bébà lásán bẹ̀rẹ̀.

ÌWÚLÒ RẸ̀ NÍ IBÒMÍRÀN

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba kan wà tí ń rí sí ààbò àwọn ọjà tí aráàlú ń rà, Consumer Product Safety Commission ni orúkọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àjọ yìí ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní NEISS. Wọn kì í lọ sí gbogbo ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣa nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀ka pàjáwìrì, lọ́nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi dúró fún àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ìwé àwọn tí ó fara pa, kí ó sì kọ ọjọ́ orí wọn, ibi tí wọ́n ti fara pa, ohun tí ó ṣe wọ́n léṣe, àti ìtàn ráńpẹ́ nípa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọgọ́rùn-ún yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde yẹ kí ó yé gbogbo òbí. Kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gbé ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn rìn sí, kí ó lè máa fi ẹsẹ̀ tì í kiri inú ilé. Ní ọdún 1990, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn náà fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 20,650 ni wọ́n gbé dé ẹ̀ka pàjáwìrì nítorí kẹ̀kẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n yẹ ìtàn àwọn ọmọ náà wò ní ọdún kan dé èkejì, wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó gba orí àtẹ̀gùn já bọ́, tí wọ́n sì fi orí gbá ilẹ̀. Ní ọdún 1997, ìlànà tuntun dé fún àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà: kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, tàbí kí ó ní ohun tí yóò dá a dúró bí ó bá dé etí àtẹ̀gùn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2003, iye àwọn ọmọ náà ti wálẹ̀ sí 2,001. Ní ọdún 2010, ìjọba sọ ìlànà ààbò kẹ̀kẹ́ náà di òfin dandan.

Kí òǹkàwé fi ojú sí kókó ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ tí kẹ̀kẹ́ náà pa kò pọ̀. Bí ó bá ṣe pé òkú nìkan ni wọ́n ń kà, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀. Àwọn tí kò kú ni wọ́n kà, tí wọ́n fi rí ibi tí ewu náà fara pamọ́ sí.

Bí ẹnìkan bá sọ pé Amẹ́ríkà lówó, kí ó wo ilẹ̀ Ùgáńdà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Dókítà Olive Kobusingye, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dá irú àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ojú ewé kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n tún ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, èyí tí ó ń fi ọjọ́ orí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń mí, bí ó ṣe ń dáhùn nígbà tí a bá bá a sọ̀rọ̀ àti iye ọgbẹ́ ńlá ara rẹ̀ mọ bí ìfarapa náà ti le tó. Òṣùwọ̀n náà ti tan ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó.

Ní Nàìjíríà pàápàá, Dókítà B. A. Solagberu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí alùpùpù ṣe léṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2006. Wọ́n ya ẹni tí ó ń gun alùpùpù, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyàsọ́tọ̀ yìí. Akoto lè dáàbò bo orí ẹni tí ó gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n kò ṣe ìyá arúgbó tí ọ̀kadà kọlù níbi tí ó ti ń sọdá títì ní àǹfààní kankan. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tàbí òkìtì tí ń dín eré ọkọ̀ kù ni ìyẹn ń fẹ́.

Ní oṣù Okúdù ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Àgbádárìgì kò sí lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etíkun lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n lé ọ̀kadà lọ yóò sọ ìtàn ẹni tí ó mọ̀ tí ó fara pa, ẹni tí ó ń fi í jẹun yóò sì sọ ìtàn tirẹ̀. Ariwo ẹni tí ó bá lágbára jù ni yóò borí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó lè wá oògùn mìíràn bí kò bá mọ ohun tí ń fọ́ orí náà, ní ibo, àti ní wákàtí wo?

ÀWỌN TÍ KÌ Í DÉ ILÉ ÌWÒSÀN

Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ kan tí ó korò. Ìwé ilé ìwòsàn kò lè mọ̀ ju ẹni tí ó bá wá síbẹ̀ lọ. Ní etíkun yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí eegun wọn ṣẹ́ ni ó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun ní ìbílẹ̀ lọ tààrà. Àwọn mìíràn a lọ ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì. Àwọn tí ó ń gbé ní ìhà Sẹ̀mẹ̀ lè sọdá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù owó, àwọn kan ń bẹ̀rù kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ wọn, àwọn kan sì ń bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ohun tí òfin sọ lórí èyí. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ wà fún ẹni tí ó bá rú u. Òfin ti ọdún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà sọ pé kí wọ́n gbà wọ́n fún ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ pé wọ́n mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí wọn kò mú un wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè bá ẹni tí ó fara pa sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, bí ìwé náà bá bẹ̀rẹ̀, tí iye tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń gòkè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré pariwo pé ìjàǹbá ti pọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń wá sí ilé ìwòsàn ni ó pọ̀ sí i, èyí sì jẹ́ ohun rere. Ó yẹ kí wọ́n fa àwọn tí ń to eegun náà mọ́ra, kí wọ́n fún wọn ní ìwé kékeré tí wọn yóò máa sàmì sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀. Ìfọkàntán ni ohun tí aláìsàn bá sọ fún dókítà. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó gbọdọ̀ jáde nínú ìṣirò tí wọ́n fẹ́ fi han ìta. Ẹni tí ó fẹ́ tún títì ṣe kò nílò orúkọ ẹni tí ó ṣubú, ibi tí ó ti ṣubú ni ó nílò.

ṢÉ KÁDÀRÁ KỌ́ NI?

Àwọn kan yóò ní, "Ohun tí Ọlọ́hun bá ti kọ, kò sí ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé òtítọ́ náà sí ibi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Kò sí Mùsùlùmí tí kò tíì gbọ́ ìtàn ọkùnrin tí ó bi Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀, kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, tí Ànábì sì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀ ná. Āyà tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Sūratul-Baqarah, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ibẹ̀ ni a ti kìlọ̀ pé kí ó má ṣe sú ènìyàn láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Bí a kò bá gbọdọ̀ fojú kéré àkọsílẹ̀ náírà díẹ̀, báwo ni ti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn yóò ṣe wá di ohun tí kò yẹ ní kíkọ?

Hádíìsì sì ti kọ́ni pé mímú ohun tí ń ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí ohun náà wà, báwo ni yóò ṣe mú un kúrò?

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbé ẹni tí ó fara pa dé ilé ìwòsàn, kí ó má ṣe já a sílẹ̀ kí ó sì padà. Kí ó sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ fún akọ̀wé ní pàtó, pẹ̀lú wákàtí àti ohun tí ó fà á, nítorí ẹni tí ń jẹ̀rora kò lè rántí gbogbo rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò lè yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lóṣooṣù, bí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn bá fún wọn láyè, láti ṣe àkópọ̀ àkọsílẹ̀ tí a ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ti Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti àwọn ọlọ́kadà, jọ gbé ìbéèrè náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè Badagry West àti Ọlọ́rundá. Kí wọ́n máa lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ọjà, ní gáréèjì àti ní mọ́sálásí, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé oríta kan ni ènìyàn ti ń fara pa jù, wọ́n lè béèrè iná ojú títì fún oríta náà. Bí ó bá fi hàn pé àwọn ọmọ tí omi gbígbóná ń bó pọ̀, ó ti di wàásù fún àwọn ìyá ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, tí iye náà sì lọ sílẹ̀ ní ọdún kejì, wọn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ wọn kò já sí asán. Bí kò bá lọ sílẹ̀, wọn yóò tún wá ọ̀nà mìíràn.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè ní Mowo àti Aradagun dára, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "Ṣé kò sí ẹni tí ó kú?", tí wọ́n bá ti dúpẹ́ tán, ó yẹ kí ẹnì kan tún béèrè pé: "Àwọn tí ó fara pa ńkọ́? Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀?" Kí Ọlọ́hun dáàbò bo gbogbo arìnrìn-àjò orí ilẹ̀ àti ojú omi, kí Ó sì fún àwọn tí ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní àlàáfíà. Àmín.